Táímà omi tó bá mi tọ́jú koríko nígbà tí mo lọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí oòrùn July ń fojú koríko iwájú ilé rí. Lọ́dún tó kọjá mo lo ọ̀sẹ̀ 3 n'Íbàdàn, mo ní kí ọmọ àdúgbò kan máa bá mi bomi rin ín, nígbà tí mo dé ó ti gbẹ fúrúfúrú, ó dùn mí gan-an.

Lọ́dún yìí mo ra táímà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó lé díẹ̀ ní $30, bátìrì ló ń lò, mo so họ́ọ̀sì àti sprinkler tó ń fọ́n omi ká mọ́ ọn, mo sètò ẹ̀ kó máa ṣí láago 5 ìdájí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí omi ínǹṣì 1 lọ́sẹ̀ ti tó St. Augustine, irú koríko tó wà níwájú ilé mi, tẹ́ ẹ bá sì ń bomi rin ín lálẹ́ ewé ẹ̀ ò ní tètè gbẹ, àìsàn á wọ̀ ọ́. Agolo tuna ni mo gbé sáàrin koríko kí n fi mọ ìgbà tómi máa tó ààbọ̀ ínǹṣì, ó gba ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ wò ó, mo dé, koríko tutù yọ̀yọ̀! Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé kò mọ̀gbà tójò bá rọ̀, ó ń tú omi lọ ni. Ó tún ń jò lẹ́nu àfìgbà tí mo we Teflon, téèpù tí kì í jẹ́ kómi jò, mọ́ ọn, torí náà ẹ dán an wò ní bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.