Àtúnṣe ohùn pálọ̀: ti inú ríṣífà, Dirac, àbí kí ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n?

Pálọ̀ wa ní Surulere, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, táìlì ni ilẹ̀, àga sì fara ti ògiri ẹ̀yìn. Ẹni tó mọ̀ nípa ohùn ti mọ ohun tójú mi rí. Bí gígùn àti ìbú bá dọ́gba, báàsì á kóra jọ sórí ohùn kan ṣoṣo. Ní tèmi, nǹkan bíi 47 Hz ni, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí onígìtá báàsì bá ti tẹ F♯ tàbí G lórí okùn tó nípọn jù, fèrèsé á gbọ̀n. Gángan ń sọ̀rọ̀ lókè, a ò gbọ́ ohun tó ń wí.

Iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń tún ohùn yàrá ṣe ò ṣòro yéni: máìkì á gbọ́ bí yàrá ṣe ń dá ohùn padà, ẹ̀rọ á sì bu ibi tó wú kù. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ti wà látilẹ̀ nínú ríṣífà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún sìpíkà, bí Audyssey lára Denon àti Marantz, tàbí YPAO lára Yamaha. Ìkejì ni Dirac Live, iṣẹ́ àwọn ará Uppsala ní Sweden. Ìkẹta ni èyí tí mo ń lò báyìí: àpótí miniDSP 2x4 HD tó ń tún ohùn ṣe, máìkì UMIK-1, àti REW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ohùn, tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti ìrọ̀rùn, ti inú ríṣífà ló borí. Ẹ ki máìkì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó parí. REW á jẹ odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ yín kó tó yé yín.

Ní ti owó, nígbà tí Dirac dé orí Denon àti Marantz ní 2023, dọ́là 259 ni èyí tí àtúnṣe rẹ̀ mọ ní 500 Hz, dọ́là 349 ni odindi rẹ̀. Ẹ fi náírà ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ní ti máìkì, ẹ jẹ́ ká jókòó síbí, torí ibí ni owó mi gbà lọ.

Ríṣífà àkọ́kọ́ tí mo rà, tòkunbọ̀ ni, láti Alaba. Ó mọ́ tónítóní, rìmóòtù rẹ̀ pé. Mo tiẹ̀ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí n má baà gbé e délé kó jóná. Máìkì rẹ̀ nìkan ni kò sí. Ẹni tó ń tà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dààmú, ọ̀kan náà ni gbogbo máìkì." Ó wa inú páálí kan, ó fa dúdú kékeré kan jáde, mo sanwó lé e. Ẹnu rẹ̀ wọ ihò ríṣífà géérégé. Ètò náà sì lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìráhùn.

Mi ò mọ̀ pé etí máìkì náà di sí báàsì. Ríṣífà ò gbọ́ báàsì tó, ló bá rò pé yàrá ló ń gbé e mì, ló bá ń bu kún un. Bẹ́ẹ̀, gbogbo 3 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) tí ẹ bá fi kún ohùn, ìlọ́po méjì iná ló ń béèrè; 9 dB á wá di ìlọ́po mẹ́jọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí súbúúfà mi, sìpíkà tó ń gbé báàsì, fi ń dún bí ẹ̀rọ ata tí òkúta kó sí. Oníṣẹ́ tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ tanná sí i. Ó fi ìka mẹ́rin rọra ti páálí ojú súbúúfà náà wọlé, a sì gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò. Kọ́ìlì ti jóná.

Máìkì tó bá ríṣífà wá nínú páálí, wọ́n ti ṣírò ìwà rẹ̀ mọ́ ríṣífà náà. Bí ti tòkunbọ̀ bá ti sọnù, máìkì tó ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ríṣífà náà kọ sínú ìwé rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. UMIK-1 yàtọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ó sì fi nọ́ńbà yẹn gba fáìlì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máìkì náà ò pé, ṣùgbọ́n ó ní ìwé tó ń tú àṣírí ibi tó ti ń purọ́. Àbúrò mi tó ń bọ̀ láti London ló bá mi gbé tèmi wá. Kí n má parọ́ mọ́ Dirac, òun náà máa ń gba UMIK-1, ó sì ń tún àsìkò tí ohùn ń dé etí ṣe.

Ariwo ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìdí 50 Hz ló ń kùn sí, ẹ̀gbẹ́ 47 mi gan-an. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń wọ̀n, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo ti pa fíríìjì, mo ti pa fáànù, òógùn á sì bò mí. Nínú REW, bí ọ̀kadà bá kọjá, mo máa rí i lójú àwòrán, máa sì tún ẹyọ kan yẹn wọ̀n.

Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó lè dí ihò, ìyẹn ibi tí báàsì ti ń pòórá nínú yàrá o. Ẹni tó gbé àga sí àárín gbùngbùn yàrá bíi tèmi ò ní bá báàsì 47 yẹn níbẹ̀, iye yòówù kó ná. Ẹ sún àga, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó ní sìpíkà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra ríṣífà tuntun tí máìkì rẹ̀ wà nínú páálí, torí ihò mẹ́rin péré ni ohùn ń gbà jáde nínú 2x4 HD. Ẹni tí dọ́là ò há mọ́ lọ́wọ́, kó gba Dirac. Kò sí èyí tí mo kórìíra nínú wọn. Àmọ́ sìpíkà méjì àti súbúúfà kan ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn tí mo mọ̀ láti Yaba dé Ìkẹjà, ọ̀nà kẹta tó wọn, UMIK-1 mi sì ti yí ilé mẹ́rin ká lọ́dún yìí. Lóru Sátidé, ó ń padà bọ̀ wálé. Ìyàwó mi ti gbé àga tuntun wọlé, gbogbo ohun tí mo wọ̀n tẹ́lẹ̀ ti dàrú.