Kéèyàn jáwọ́ nínú gluten pátápátá, àbí kó kàn dín in kù?

Ìbéèrè tí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní àìsàn celiac (àìsàn tí gluten, ìyẹn purotéènì inú ọkà bí àlìkámà, fi máa ń mú kí ara ba ìfun jẹ́) sábà máa ń bi dókítà nìyẹn. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ni ìdáhùn wà.

Bí gluten inú àlìkámà, báálì tàbí rye bá wọ ìfun onítọ̀hún, ara rẹ̀ á máa pèsè èròjà tó ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. tTG-IgA, ọ̀kan lára èròjà yìí, ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá jáwọ́ pátápátá, èròjà yìí á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan o. Ó lè gba oṣù 6 sí 12. Ẹni tí tirẹ̀ ga gan-an níbẹ̀rẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó dín in kù ńkọ́? Inú lè rọ̀ ọ́, kó rò pé ó ti tán. Bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 50 lójúmọ́ fún oṣù 3 ti tó láti ba ìfun jẹ́. Èérún búrẹ́dì lásán nìyẹn! Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé búrẹ́dì, tí wọ́n tún kì bọnú bọ́tà, ti kó èérún síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dára nígbà tí ìfun kò tíì san.

Ní tèmi, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dín in kù. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má jáwọ́ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́: èròjà náà á ti lọ sílẹ̀, àyẹ̀wò ò sì ní rí àìsàn tó wà níbẹ̀.