Bàbá tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe lẹ́yìn ọjà Jáńkárà: ẹni tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kó bọ́ síbí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn Bàbá sílẹ̀, kẹ́ni tó bá máa bínú lọ tètè máa lọ. Wọn kì í gbé fóònù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá lọ́la, ọ̀la yẹn lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà ní ìsọ̀ wọn, orí máṣíìnì oníbàárà ló sì máa ń wà lórí ẹ̀, ìdúró lẹ máa dúró. Iye tí wọ́n bá pè, ẹ ò lè ná an. Tí máṣíìnì yín bá dọ̀tí, wọ́n á sọ ọ́ lójú yín níwájú gbogbo ayé, wọ́n á tún bi yín pé ta ni ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́.

Síbẹ̀, bí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ kankan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, ọ̀dọ̀ Bàbá ni màá ní kó gbé máṣíìnì ẹ̀ lọ. Kó sì tètè gbé e lọ nígbà tó ṣì tutù, kó má dúró pé ó dìgbà tó bá gbẹ. Màá sọ ìdí ẹ̀.

Ìdúmàgbò ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sílẹ̀, pé inú ọ̀sà sì ni gọ́tà wa ń da omi sí. Bí òjò bá lọ pàdé ìgbà tí ọ̀sà kún, omi gọ́tà ò ríbi gbà mọ́, ló bá yíjú padà sọ́dọ̀ wa. Ìjọba gbẹ́ adágún sí Ìdúmàgbò níbẹ̀ kó lè máa gba omi òjò dúró, àmọ́ ẹ débẹ̀ lásìkò òjò kẹ́ ẹ wo ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike tó ń léfòó. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé tiwa ò tiẹ̀ sí nítòsí, Ìkẹjà ló ń gbé. Àwa ayálégbé là ń bá àgbàrá fà á.

Òjò 10 oṣù Keje ọdún 2011 ló mú mi mọ Bàbá. Ẹni tó bá wà l'Ékòó nígbà yẹn ò ní gbàgbé. Òjò tó lé ní 230 mílímítà ló rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀mí tó lé ní 20 ló sì bá a lọ káàkiri ìlú. Fáṣọlá ni gómìnà. Ohun tó pa wá lára jù ní ọ̀nà tiwa ni pé ọjọ́ Àìkú ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, kò sẹ́ni tó máa gbé nǹkan sókè. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ankara pupa kan ti pọ àwọ̀ ẹ̀ sára léèsì funfun tí ìyàwó kan fẹ́ fi ṣègbéyàwó. Mo fi ọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi pupa. Ìyá ìyàwó yẹn àtèmi ò tíì kí ara wa dáadáa títí dòní.

Ti máṣíìnì wá ńkọ́? Omi ò dé orí tábìlì ìńdọ́sírià wa, máṣíìnì ńlá oníná yẹn, rárá, orí máṣíìnì gbẹ táútáú, gbogbo èèyàn ní a dúpẹ́. Àmọ́ abẹ́ tábìlì ni mọ́tò iná tó ń yí máṣíìnì yẹn ń so rọ̀ sí. Ibi tí omi ti kọ́kọ́ dé nìyẹn. Aládùúgbò mi kan gbẹ́kẹ̀ lé orí tó gbẹ, ó tẹ suwíìṣì. Ó dún pàù, èéfín sọ, mọ́tò jóná. Èmi ní tèmi máa ń bẹ̀rù iná ju ejò lọ, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ké sí olómọlanke, a kó ìńdọ́sírià, wífìn tí mo fi ń di etí aṣọ, àti máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí ìyá ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tó sùn sínú omi mọ́jú nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sí máṣíìnì ọlọ́wọ́ yẹn, omi ni wọ́n dà sí i. Mo pariwo. Ọmọọṣẹ́ wọn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ìyàwó, omi tó wọ tiyín, ọ̀sà wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ ò ní jẹ́ kí irin sùn.” Wọ́n fi omi mọ́ ṣàn án dáadáa, wọ́n dojú ẹ̀ dé kómi ro dànù, wọ́n wá tú u palẹ̀ sórí páànù kan tó ti bẹ́tí. Wọ́n kó àwọn irin wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ sínú kẹrosíìnì. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ eyín gbo ilé bọ́bìnnì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ òwú dúdú tó ti dì mọ́ ìdí eyín tó ń ti aṣọ síwájú. Iyanrìn tó já bọ́ níbẹ̀, ẹ lè fi rẹ́ igi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi óìlì máṣíìnì sí i, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ yí wíìlì, wọ́n sì ń dẹtí sí i. Tó bá dún “kẹ́” báyìí, wọ́n á dúró, wọ́n á padà sí ihò tí wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀.

Mọ́tò ìńdọ́sírià ní tiẹ̀, wọ́n tú ìdérí ẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wá gbé e sínú páálí pẹ̀lú gílóòbù oníná pupa, wọ́n pa páálí dé. Ibẹ̀ ló wà tó ń yá oòrùn gílóòbù. Kí wọ́n tó fi sí iná, wọ́n fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mítà ò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n dá a padà sínú páálí. Mo ń sunkún iṣẹ́ oníbàárà, wọn ò dá mi lóhùn. Mọ́tò yẹn ló ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi.

Wífìn ni wọn ò tún ṣe. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, “Owó tí mo máa gbà lórí èyí, fi kún un, lọ ra tòkunbọ̀.” Wọn ò gba kọ́bọ̀ fún yíyẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń ṣe l'Ékòó, ẹ mọ̀ pé ibi tí èèyàn ti ń mọ ọmọlúàbí nìyẹn. Mo ti gbé máṣíìnì fún ẹlòmíì rí, lẹ́yìn afárá lọ́hùn-ún, tí mi ò ní dárúkọ. Ó gba àsanṣáájú, ó yọ ilé bọ́bìnnì ojúlówó tó wà níbẹ̀, ó fi gbàrọgùdù rọ́pò ẹ̀, ó tún ní kí n fi owó nǹkan mímu kún un.

Omi Ìbàdàn dé kí oṣù méjì tó pé, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kan náà. Èyí yẹn gba ẹ̀mí tó lé ní 100, ó sì wó afárá. Mo lọ ra òwú ní Jáńkárà, mo ní kí n yà kí Bàbá, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn wà níwájú wọn. Wọ́n pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ẹrẹ̀ pupa ti bo máṣíìnì náà, ó sì ti gan. Bí wọ́n ṣe ń ha á kúrò, irin abẹ́ ẹ̀ ń dán. Wọ́n wá na ọwọ́ sí òmíràn láti Adéníjí Adélé l'Ékòó níbí, ojú ẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹni tó ni ín ti fi aṣọ nù ún, ó ti sá a sóòrùn. Wọ́n ṣí i: inú ẹ̀ ti dógùn-ún pátápátá, wíìlì ò yí mọ́. Omi odò ni ti Ìbàdàn, tiwa ní iyọ̀ nínú. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ tètè gbé e lọ nìyẹn, kẹ́ ẹ má sá a sóòrùn. Tí ẹ ò bá ríbi gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, ẹ rọ óìlì sí i. Ẹ má fi sí iná.

Lọ́dún 2024, nígbà tí òjò 3 oṣù Keje dé, Ọjọ́rú ni, a wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti kọ́ mi pé bóòtì mẹ́ta ni wọ́n fi de mọ́tò mọ́ abẹ́ tábìlì, pé kí n yọ okùn iná, kí n tú u, kí n gbé e sókè. Sípánà ẹ̀ ń bẹ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ẹni bá mú un ṣe nǹkan mìíràn, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa sọ ọ́. Omi wọlé, mọ́tò wà lórí tábìlì ìgéṣọ. Wífìn nìkan ló tún fara gbá nínú ẹ̀, èyí ni mo sì gbé lọ fún Bàbá lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tó bí mi nínú ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èrò pọ̀. Mo ti dé kí aago mẹ́jọ tó lù, ọmọbìnrin kan dé lẹ́yìn mi pẹ̀lú máṣíìnì ọlọ́wọ́, tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn ní máṣíìnì kan ṣoṣo, èmi ní mẹ́ta. Mo bínú gan-an. Mi ò tíì gbà tán pé ó tọ́, nítorí èmi náà lówó ilé tí mo ń san, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbàkigbà tí omi bá wọ ilé.

Ti owó, nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ₦8,000 ni wọ́n gbà láti tú orí máṣíìnì, fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tò ó padà. Mọ́tò tó bá ti jóná, iye wáyà lọ́tọ̀, iye iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á pe méjèèjì sí yín létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí rìsíìtì. Orúkọ yín ni wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pa rẹ́. Tó bá dàrú padà láàárín oṣù kan, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mo ti jẹ àǹfààní yẹn rí.

Àwọn mọ́tò tuntun tí kì í pariwo, èyí tó ní àpótí kékeré tí nọ́ńbà ń tàn lára ẹ̀, Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láì tijú, wọ́n á juwe ọmọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe níwájú fún yín. Mi ò tíì lò ó, mi ò lè jẹ́rìí ẹ̀.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti kọjá aago méjìlá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kẹ́ ẹ sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára máṣíìnì kẹ́ ẹ tó gbé e dé ibẹ̀, torí ó ti gún ọmọọṣẹ́ wọn rí, Bàbá ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ràn mìíràn lọ́jọ́ yẹn.