Wúrà mi wà ní Zurich: ọdún kọkànlá mi lọ́dọ̀ BullionVault

Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, tí àwọn aláìsàn ti sùn, tí wọ́ọ̀dù pa lọ́lọ́, mo máa ń yọ fóònù mi láti wo ìwé orúkọ kan. Ìwé tí BullionVault, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ kí èèyàn ra wúrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń bá a tọ́jú ẹ̀, máa ń gbé jáde lójoojúmọ́ ni. Iye wúrà àti fàdákà tí oníkálukú ní lọ́dọ̀ wọn ló wà nínú ẹ̀, láìsí orúkọ gidi ẹnikẹ́ni, ìnagijẹ nìkan. Mo mọ tèmi. Màá wá a kàn, màá wo iye gíráàmù tó wà níwájú ẹ̀, màá dá fóònù padà sápò. Ó ti di bárakú.

Láti ìgbà tí owó wúrà ti kọjá $4,000 fún áúnsì kan (nǹkan bí gíráàmù 31) ní oṣù kẹwàá 2025 ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn: “Màmá Tóbi, wúrà tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn, báwo lẹ ṣe ń rà á?” Ẹnu ti ń ro mí, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Iléeṣẹ́ náà kò bẹ̀ mí níṣẹ́, wọn ò sì bá mi dín nǹkan kan kù. Owó mi ló wà níbẹ̀.

Ibòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ fi ojú rí màbo. Ìparí 2011 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wúrà ti gun òkè kọjá $1,900, gbogbo ìwé ìròyìn ló ń pariwo ẹ̀. Mo gba ilé-ìtajà kan lọ, mi ò ní í dárúkọ wọn, mo ra sovereign márùn-ún. Owó ẹyọ wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni sovereign, èyí tí George Mímọ́ ti ń gun ẹṣin tó ń bá dírágónì jà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ìwé ní 7.98 gíráàmù, òṣùwọ̀n ìdáná mi ní 8. Nínú 7.98 yẹn, 7.32 ni wúrà gan-an, wọ́n fi irin mìíràn lú u kó má baà rọ̀ jù. Ó wuyì lójú, ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe kéré tó lọ.

Ní oṣù kẹrin 2013, wúrà já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rù bà mí, mo sì nílò owó. Mo kó mẹ́rin padà síbi tí mo ti rà wọ́n. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì fi ojú kan wọn, ó dá iye kan lé e tó kéré sí owó wúrà tó wà nínú wọn lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo sì ń rà á, wọ́n ti bu tiwọn lé e dáadáa. Mo bi í pé, “Ṣé wúrà náà ti gbó ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo tà á, torí kò sí ọ̀nà míì.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣómàáló ni bàbá mi, lára àwọn tó ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọn ó sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi gba owó wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bímọ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹni tó ń ta wúrà, ẹni tó ń pa á mọ́, àti ibi tí èlé tí wọ́n bù lé mi lórí ti ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé BullionVault. Mo sì forúkọ sílẹ̀ ní 2014.

Ọ̀gbẹ́ni Paul Tustain ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2003, wọ́n sì ṣí i fún ará ìta ní 2005. Ohun tó rí rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti pín màlúù ọdún rí. Ọ̀pá wúrà tí àwọn ọlọ́jà ńlá ń tà láàárín ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù wọn nǹkan bí 400 áúnsì, ó lé ní kílò méjìlá. Òun lowó ẹ̀ dínkù jù lọ bí a bá pín in sí gíráàmù, ṣùgbọ́n ta ló lè ra odindi màlúù? Ọmọ èèyàn lásán ń lọ ra ẹran nídìí ọlọ́bẹ̀, ó sì ń san owó ọ̀bẹ. Tustain ní kí màlúù dúró sínú ọgbà, kí wọ́n má ṣe pa á, kí oníkálukú kàn mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ gíráàmù kan ṣoṣo. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìṣúra fún àwọn báǹkì ló ń bá wọn pa á mọ́. Lọ́ńdọ̀nù, New York àti Zurich ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Toronto àti Singapore wá kún un. Tèmi wà ní Zurich, ní Switzerland. Mi ò débẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí báǹkì Lehman Brothers wó ní oṣù kẹsàn-án 2008 ni ẹ̀rù wá ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé owó tó wà ní báǹkì lè di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí báǹkì bá ṣubú. Àwọn tó sá wá sídìí wúrà nígbà náà pọ̀. Ní 2010, World Gold Council, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa wúrà, àti Augmentum Capital, iléeṣẹ́ olùdókòwò tí owó ìdílé Rothschild wà lẹ́yìn ẹ̀, kó £12.5 mílíọ̀nù sínú iléeṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba Queen's Award, àmì-ẹ̀yẹ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn iléeṣẹ́. Lónìí, àwọn tó ń lò ó lé ní 100,000, wúrà tí wọ́n ń tọ́jú fún wọn lé ní tọ́ọ̀nù 40, fàdákà sì lé ní tọ́ọ̀nù 1,000.

Ní tèmi, kì í ṣe ìpolówó ló mú wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìwé orúkọ yẹn ni. Ẹ wò ó: apá kan rẹ̀ ni ìwé àwọn tó ń ṣọ́ ìṣúra, tó ka ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àti ìwọ̀n ẹ̀. Apá kejì ni ìnagijẹ gbogbo wa àti gíráàmù wa. Tí a bá ro méjèèjì pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Olórí àjọ tó bá tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjà lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ka orúkọ ẹ̀, ẹ ò ní í bẹ̀ mí kí n tó dá owó sí i. Àwọn olórí àjọ tó ti kó owó sá lọ lójú mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìwé.

Ìforúkọsílẹ̀ ò le. Wọ́n béèrè ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé báǹkì, mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́. Báǹkì tèmi ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu: wọ́n dá owó náà dúró, ọmọ kékeré kan pè mí, ó ń bi mí bóyá ẹni tí mo pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní kí n ra wúrà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, torí wọ́n ti fi wúrà lu ọ̀pọ̀ èèyàn ní jìbìtì. Òfin BullionVault kan wà tí mo fẹ́ràn: owó kì í jáde níbẹ̀ lọ síbòmíràn àyàfi àkáǹtì báǹkì tìrẹ tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Àbúrò mi ọkùnrin ní Iléṣà bínú nígbà kan pé kí n jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sí ẹni tó ń bá wa kọ́lé. Kò ṣeé ṣe. Bí olè bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà mi, báǹkì mi náà ló máa bá owó dé.

Bí a ṣe ń rà á gan-an ló fà mí mọ́ra, torí ọjà ni. Pátákó kan wà tí iye táwọn kan fẹ́ tà àti iye táwọn kan fẹ́ rà kọ sí, ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. O lè gba iye tó wà lórí pátákó. O sì lè dá iye tìrẹ sílẹ̀, kó o lọ sùn. Èyí ni mo máa ń ṣe. Ọjà náà kì í tì lóru. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ka ìbò Brexit, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi yàn láti kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, ọjọ́ 23 sí 24 oṣù kẹfà 2016, iṣẹ́ òru ni mo wà. Mo wọ yàrá ìsinmi láti mu tíì, mo yọ fóònù, mo rí i pé wúrà ti fi ju £100 lọ lé sí i lórí áúnsì kan, torí pọ́n-ùn ń já bọ̀. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ń sunkún nítorí ìbò. Mo rọra ta 20 gíráàmù, mo sì gbá a mọ́ra. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí Covid ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ wúrà ní Ticino, ní Switzerland, pa, owó ẹyọ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, èyí tó sì wà, owó gọbọi ni wọ́n ń pè é. Pátákó yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀.

Ó wá kan owó. Tó o bá rà tàbí tó o bá tà, 0.5% ni wọ́n ń gbà lórí $75,000 àkọ́kọ́, ó sì ń dínkù lẹ́yìn náà. Owó ìtọ́jú wúrà jẹ́ 0.12% lọ́dún, ìbòjútó inṣọ́ránsì wà nínú ẹ̀. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù: $4 lóṣù ló kéré jù tí wọ́n ń gbà, ìyẹn $48 lọ́dún. Wúrà rẹ gbọ́dọ̀ tó $40,000 kí 0.12% tó jẹ́ $48. Ẹni tó ní $1,000 níbẹ̀ máa san $48 kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5%. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ fi £200 bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ìyá mi, kó àjọ ẹ̀ẹ̀mejì ná.” Ti fàdákà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: 0.48% lọ́dún, $8 lóṣù ló sì kéré jù, torí fàdákà ń gba àyè púpọ̀. Fàdákà náà kò ní sùúrù, ó ń gòkè ó ń sọ̀ bí ọmọdé tó rí àtẹ̀gùn. Díẹ̀ ni mo ní. Ohun tó mú mi ní i níbẹ̀ ni VAT, owó orí tí wọ́n ń bù lé ọjà: tó o bá ra ọ̀pá fàdákà lọ sílé ní Gẹ̀ẹ́sì, 20% ló máa gorí ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú ìṣúra wọn kò san án. Wúrà ìdókòwò ti bọ́ lọ́wọ́ VAT láti ọdún 2000.

Owó orí èrè ni ẹ gbọ́dọ̀ fiyè sí. Títí di oṣù kẹrin 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fọwọ́ kan èrè £12,300 àkọ́kọ́ lọ́dún. Wọ́n gé e sí £6,000, wọ́n tún gé e sí £3,000 ní 2024. Wúrà inú ìṣúra wà lábẹ́ òfin yìí. Sovereign àti Britannia, owó ẹyọ wúrà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, kò sí lábẹ́ ẹ̀, torí owó ìlú ni wọ́n ń pè wọ́n. Nítorí náà, mi ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá yan owó ẹyọ, bó bá ti mọ ilé-ìtajà tí yóò ti rà á, tó sì níbi tí yóò tọ́jú ẹ̀ sí. Èmi ò ní. Lẹ́yìn tí àwọn olè gbẹ́ ògiri kọ́ńkéré wọ yàrá ìṣúra Hatton Garden ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ọdún Àjíǹde 2015, ọkọ mi ní kò sí wúrà tó ń sùn nílé òun mọ́.

Ohun tí mo kó wúrà jọ fún ni ilé tí à ń kọ́ ní Iléṣà. Kí náírà tó já lulẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, mo ti máa ń fi owó ránṣẹ́ sílé, báǹkì á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, wúrà ni mo máa ń tà nígbà tí símẹ́ńtì bá kù díẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà kan: ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Ìtàgunmódi títí dé ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà ní 2021, kò jìnnà sí ilẹ̀ tí wọ́n rì ìwọ́ mi mọ́. Èmi sì ń gba Zurich lọ ra tèmi.

Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí lóṣù tó kọjá pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí wúrà yín rí?” Mo fi ìwé orúkọ hàn án. Ó wo ìnagijẹ mi, ó wo gíráàmù, ojú ẹ̀ ò gbà á. Mo lọ mú sovereign karùn-ún tí mi ò tà ní 2013 jáde. Ọkọ mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà nílé, ẹ jọ̀ọ́. Tóbi gbé e lé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ka nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa.

“Mẹ́jọ,” ló wí.