Ìdánwò ìrántí tàbí àwòrán ọpọlọ?

Bí ìyá àgbà ní Kàbbà bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọbẹ̀ tó hó, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? fMRI, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ, ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ká lè mọ àwọn apá tó ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú àrùn Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń fa ìgbàgbé, ìsopọ̀ yìí lè ti máa yí padà kí ará ilé tó fura. Ó wúlò fún ìwádìí, àmọ́ kò tíì tó ohun tí dókítà lè gbé ìdájọ́ ẹnì kan ṣoṣo lé.

Ìdánwò ìrántí tí wọ́n ń pè ní MoCA ńkọ́? Bébà àti bírò, máàkì 30, bí ìṣẹ́jú 10: ya aago, rántí ọ̀rọ̀ 5. Ẹni tí kò kàwé lè gba máàkì kékeré láìsí àrùn kankan, nítorí náà kí wọ́n fi èdè Ọ̀kun bi ìyá. MoCA ni èmi yóò yàn. Kí wọ́n yẹ etí ìyá wò pẹ̀lú. Àìgbọ́ràn máa ń jọ ìgbàgbé.