Honeycrisp: mo ti ká a lóko, mo ti rà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ wá gbọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Ápù kan ni Honeycrisp. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ká lóko lóṣù kẹsàn-án, máàkì 10 nínú 10, mi ò yọ nǹkan kan. Èyí tí mo rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì nígbà tó di oṣù kẹrin, máàkì 3, torí pé mo ṣì rí díẹ̀ jẹ nínú ẹ̀ ni mo ṣe fún un ní 3 yẹn. Orúkọ kan náà ni o, nọ́ńbà 3283 kan náà ló wà lórí sítíkà wọn, èyí tí ò dáa yẹn ló tún wá wọ́n jù.

Èmi gan-an ò kúkú rí ti ápù rò tẹ́lẹ̀. Ápù tí mo mọ̀ n'Íbàdàn ni èyí tí àwọn ọmọ máa ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pupa tó ń dán yinrin, tẹ́ ẹ bá wá gé e jẹ báyìí, bíi pé ẹ bu èlùbọ́ sẹ́nu. Nígbà tí mo dé ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà níbí, ẹnì kan níbi iṣẹ́ fún mi ní ọ̀kan lásìkò bíréèkì, mo ní kí n má ṣe bí aláìmoore, mo gé e jẹ, ó dún kàù, gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì ló wojú mi, omi ẹ̀ ti ta sí mi lágbọ̀n. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ ìrèké tútù, àmọ́ ẹ ò ní tu nǹkan kan dànù, adùn ẹ̀ sì ní kíkan díẹ̀ nínú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó súni. Ohun tó fa dídún yẹn ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ tóbi ju ti ápù yòókù lọ, bí eyín bá ti kàn wọ́n ṣe ni wọ́n ń bẹ́ tí omi ń tú jáde.

Ọmọ ìlú yìí ni ápù yẹn o. Yunifásítì Minnesota ló so ápù méjì pọ̀ lọ́dún 1960 tí wọ́n fi rí i, ọdún 1991 ni wọ́n sì tó gbé e síta fáwọn àgbẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n dà á nù nígbà kan torí òtútù ṣe igi ẹ̀ léṣe, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ David Bedford ló débẹ̀ tó ní kí wọ́n ṣì fún un láyè ná. Gbẹ́bọ́rùn díẹ̀ sì wà níbẹ̀: ìyá àti bàbá tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un, Macoun àti Honeygold, nígbà tí wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò, irọ́ ni, ápù míì tó ń jẹ́ Keepsake ni ọ̀kan nínú àwọn òbí ẹ̀. Kì í ṣèèyàn nìkan nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2006 ìjọba ìpínlẹ̀ fi ṣe èso Minnesota, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ oko wá kù. Mọ́mì mi wá kí wa lọ́dún kan, mo ní kí n mú wọn lọ sí ọ̀kan nínú àwọn oko tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ ara yín ká a. A débẹ̀, wọ́n rí i tí wọ́n kọ $3 sára pátákó, mo ṣàlàyé pé owó ìwọ̀n páùn kan ni, kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ kan. Mọ́mì dúró. "Ápù ni àbí góòlù? Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́, ta ló ni ín?" Lóòótọ́ èyí tó já sílẹ̀ pọ̀ lábẹ́ igi, wọn ò sì jẹ́ ká mú un.

Ìyá àgbàlagbà tó ni oko gbọ́ ohùn Mọ́mì, kò gbọ́ èdè àmọ́ ó mọ̀ pé owó ni wọ́n ń sọ, ló bá pè wá síbi tí òun jókòó sí. Apẹ̀rẹ̀ ápù wà níwájú ẹ̀, sísọ́ọ̀sì kékeré kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yí i po, á gé igi tín-ín-rín orí ẹ̀ kó má yọ síta rárá, á wá rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹyin. Ó ní awọ ápù yìí fẹ́lẹ́, igi orí ẹ̀ sì le bí ìṣó, tí wọn ò bá gé e, ọ̀kan á gún ìkejì lára, ojú ibi tó gún yẹn á jẹrà. Gbogbo ápù orí igi. Mọ́mì wò ó títí, wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe ń gé èékánná ọmọ jòjòló nìyẹn." Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ìyá yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó wá tú gbogbo ẹjọ́ igi náà sílẹ̀ fún wa.

Ẹjọ́ náà pọ̀. Bó bá so wìtìwìtì lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ á kàn máa wò yín ni, torí náà nígbà tó bá yọ òdòdó tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, wọ́n gbọ́dọ̀ já ọ̀pọ̀ dànù kó lè so níwọ̀n. Tí wọ́n bá tún já a jù, èyí tó kù á tóbi gàdàgbà, èyí tó tóbi yẹn gan-an sì ni àrùn fẹ́ràn jù. Àrùn yẹn ló fi hàn wá, àwọn ojú kéékèèké tó dẹ̀ wọnú, aláwọ̀ ilẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi ìdí bírò tẹ̀ ẹ́ káàkiri, tẹ́ ẹ bá jẹ ibẹ̀ ó korò. Kálísíọ́mù ni ò dénú èso yẹn tó, kì í ṣe pé kò sí nílẹ̀ o, igi yẹn ni kì í gbé e dé ibẹ̀, ni wọ́n fi ń fín in sí i lára léraléra látìgbà tó bá ti so. Wọn ò tún lè ká a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí kì í pọ́n pa pọ̀, wọ́n á padà sídìí igi kan náà bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, owó òṣìṣẹ́ nìyẹn. Mọ́mì ní àkẹ́jù igi rèé.

Àmọ́ wọn ò torí ìyẹn san $3 o! Wọ́n rí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ní ojú kòrókòró lára ni, ìdajì owó ni wọ́n ń ta ìyẹn, wọ́n ní ṣebí ẹ̀ṣà ni, bíi ti tòmátì. Wọ́n tún ní kí n bá wọn ná an sí i, ojú tì mí, mo ná an, ìyá yẹn sì gbà. Ilé ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ yọ ibi tó bàjẹ́ kúrò, ìyókù dùn bákan náà. Tẹ́ ẹ bá rí irú páálí bẹ́ẹ̀ lóko, ẹ gbé e.

Ẹ wá gbọ́ ti súpámákẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹrin, ápù wu ọmọ mi, mo rà á, ó lé ní $4 ní páùn kan, ara ẹ̀ ń dán, kò sí ojú kòrókòró kankan. Mo gé àkọ́kọ́ sí méjì, inú ẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀ roboto bí òrùka, ó rọ̀, ó ń rùn bí ọtí díẹ̀. Mo gé ìkejì, bákan náà. Mẹ́rin nínú mẹ́fà. Mo gbé e padà, ọmọbìnrin tó wà nídìí owó ní tó bá ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ó ti di tèmi. Mi ò bá a jà, òun kọ́ ló gbìn ín.

Nígbà tí mo bi ìyá olóko yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní òtútù ló pa á. Ápù yìí kì í fẹ́ òtútù òjijì, tí wọ́n bá ká a tán, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi í síbi tó wà ní nǹkan bíi 10°C fún ọ̀sẹ̀ kan kára ẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí yàrá bíi 3°C. Ẹni tó bá kánjú gbé e wọ òtútù gan-an, ara ìta lè máa dán, inú á ti bàjẹ́. Ẹ ò sì lè mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí mo ti wá ń bínú ni ti ọjà ẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí yunifásítì ní lórí igi yẹn l'Amẹ́ríkà parí lọ́dún 2008, ẹnikẹ́ni níbí ló lè gbìn ín láìsan kọ́bọ̀ fún wọn mọ́. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń pè é ní Moneycrisp, ẹ rí i pé orúkọ yẹn ti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ni wọ́n bá ń gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń jó o lára, igi tí wọ́n dìídì ṣe fún òtútù Minnesota. Àwa oníbàárà sì ń san owó orúkọ, bó dáa bí ò dáa. Ẹ̀kọ́ yẹn yé àwọn yunifásítì náà, ni wọn ò ṣe jẹ́ kí gbogbo ayé gbin àwọn ọmọ ẹ̀. SweeTango, ọmọ Minnesota náà ni, ẹni tó bá gbàwé àṣẹ nìkan ló ń gbìn ín. Cosmic Crisp, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ló fi Honeycrisp àti ápù míì tó ń jẹ́ Enterprise bí i, ó dé ọjà lọ́dún 2019, àgbẹ̀ Washington ni wọ́n fi síta fún. Mo ti ra ìyẹn lóṣù kẹrin, ó ki ju ìyá ẹ̀ lọ, kò lómi tó o, àmọ́ inú ẹ̀ funfun, máàkì 7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ápù lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ fi Honeycrisp sílẹ̀, Cosmic Crisp ni kẹ́ ẹ rà.

Tó bá jẹ́ Honeycrisp lẹ fẹ́ dandan, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ibi tó ti wá. Ẹ wo orí ẹ̀ bóyá wọ́n gé igi ẹ̀, ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ojú kòrókòró yẹn máa ń pọ̀ sí jù. Tèmi, inú ọ̀rá ni mo ń kó o sí nísàlẹ̀ fíríìjì, ó sì máa ń bá mi dé ọdún tuntun, àyàfi kárọ́ọ̀tì tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́dún kan tó wá korò bíi jogbo, mi ò mọ̀ pé ápù ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mo ti lọ dà á sínú ìrẹsì.