Bàálù Embraer ní Nàìjíríà: ọkọ̀ dára, ibi àtúnṣe ló jìnnà

Ẹni tó bá wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Laderin, Abẹ́òkúta, tó sọ̀ ní Agége, tó sì gba ibẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú Ìkejà láti wọkọ̀ lọ sí Àbújá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàálù tí wọ́n kàn ní São José dos Campos lórílẹ̀-èdè Brazil ló máa gbé e. Embraer ló ń ṣe é, 1969 ni wọ́n sì ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a yẹ̀ wò níbí ni ọjà tó tà fún Nàìjíríà, àti bó ṣe ń tọ́jú oníbàárà lẹ́yìn tí owó ti wọlé.

Kì í ṣe àlejò mọ́. Air Peace paṣẹ E195-E2 mẹ́wàá ní 2019, nígbà tí àkọ́kọ́ sì dé ní January 2021, òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Overland Airways tọwọ́ bọ̀wé fún E175 mẹ́ta ní 2021, Air Peace náà paṣẹ E175 márùn-ún ní 2023. Àwọn ọmọ ogun òfurufú wa gba bàálù ogun Super Tucano 12 tí Embraer ṣe ní 2021, àmọ́ Jacksonville ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò wọ́n.

Inú bàálù náà la ti rí ohun tó wù wá jù. Méjì-méjì ni ìjókòó rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sẹ́ni tó máa há sáàárín èèyàn méjì. Embraer ní àyè ẹrù tó wà lókè orí nínú E2 fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìran tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé àdìrẹ láti Ìtòkú lọ sí Àbújá, ẹ rántí pé ìran tó ṣáájú yẹn ni E175. Báàgì rírọ̀ ló dáa fún un, kì í ṣe àpótí líle. Ẹ wo àmì irú bàálù kẹ́ ẹ tó sanwó: 295 tàbí E295 ni E195-E2, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E7 ni E175, 73 ni Boeing 737.

Ìwọ̀n rẹ̀ bá ọjà wa mu. E195-E2 lè gba èèyàn 146, ṣùgbọ́n ìjókòó 124 ni Air Peace ní kí wọ́n tò sí tirẹ̀. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò lè kún Boeing lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè kún èyí. Embraer sì ní epo tó ń jó lórí ìjókòó kan fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti E195 àtijọ́.

Ẹ́ńjìnì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. PW1900G ti Pratt & Whitney ló wà lára E2. Gíà kan wà láàárín abẹ̀bẹ̀ ńlá iwájú àti tọ́báìnì tó ń yí i, kí abẹ̀bẹ̀ lè máa rọra yí bí tọ́báìnì ṣe ń sáré kíkankíkan. Ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi kéré. Ṣùgbọ́n ní July 2023, RTX tó ni Pratt & Whitney kéde pé ìdọ̀tí wọnú lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n fi ṣe àwọn dísìkì kan (àwo irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, tí abẹ́ so mọ́ létí) láti òpin 2015 títí wọ 2021. Ìdọ̀tí bíńtín yẹn lè mú kí dísìkì sán nínú eré. Àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì kúrò lápá bàálù, kí wọ́n fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ yẹ dísìkì wò. A320neo ló jìyà rẹ̀ jù, àmọ́ àyẹ̀wò náà kan PW1900G. Ẹni tó bá rò pé òun bọ́ torí pé A220 bíi ti Ibom Air lòun wọ̀, PW1500G tó wà lára rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni.

Eruku ọyẹ́ tún wá dá kún un. Ẹ́ńjìnì á fà á mu, eruku á yọ́ níbi tó gbóná jù, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ tọ́báìnì bíi dígí, á sì dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà tù ú lára. Abẹ́ tí kò rí atẹ́gùn á jóná kọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Bẹ́ ẹ bá sì ti jókòó tán, tẹ́ ẹ ń gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń yí wọ́ọ́rọ́ láìtíì tan, ẹ má fòyà. Bí ẹ́ńjìnì ìdílé yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òkè ọ̀pá àárín rẹ̀ máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀pá á wá tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní láti yí i kó tutù, kó tó tún nà, kí wọ́n tó daná sí i.

Ẹ bi awakọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀ ìdí tó fi ra Toyota, á ní torí pé páátì rẹ̀ wà nítòsí ni. Ibẹ̀ gan-an la ti yọ máàkì Embraer: 4 nínú 5 fún bàálù, 2 fún ìtọ́jú lẹ́yìn títà. Alverca ní Pọ́túgà ni OGMA, ilé àtúnṣe tí Embraer ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnì yìí. Aero Contractors ń ṣe C-check, ìyẹn àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ń tú bàálù wò, fún Boeing 737 ní Ìkejà níbí, ó fi hàn pé ọwọ́ wa tó iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Brazil ní August 2025, àwọn aṣojú ìjọba sọ pé Embraer máa dá ibùdó àtúnṣe sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n háńgà nìkan kò tó. Ẹ́ńjìnì àfirọ́pò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí bàálù tí wọ́n tú tirẹ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ láìdúró de Pọ́túgà. Títí dìgbà náà, E175 la fọkàn tán jù: CF34 ti General Electric ló ń lò, kò ní gíà, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú irin yẹn.